Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Da Káàdì Tó Dára Sílẹ̀?

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ka àkọlé yìí, wọ́n á ní, "Kí ló pa pásítọ̀ pọ̀ mọ́ káàdì?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Mi ò ta tẹ́tẹ́ rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ ìjọ wa kan, tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Houston ní Amẹ́ríkà ni ọmọ náà ń gbé. Ó wá kí àwọn òbí rẹ̀ níbí ní Jos ní Kérésìmesì, ó sì yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Pásítọ̀ sà, ìbéèrè kan wà tí ojú ń tì mí láti bi yín." Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pàdé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ta káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà, owó kékeré ni wọ́n sì fi ń ta á. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, sà?" Mo dá a lóhùn bí mo ṣe gbà á gbọ́: pé owó tó wọ àpò mi kìkì nítorí pé ó jáde lápò ẹnìkejì mi, tí mi ò bá a ṣe iṣẹ́ kankan, tí mi ò tà á ní ọjà kankan, kì í ṣe owó tí mo lè kúnlẹ̀ dúpẹ́ lé lórí. Mo tún sọ fún un nípa àwọn ọ̀dọ́ wa níbí tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti gba owó iléèwé lọ́wọ́ wọn. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n, sà, eré yẹn kọ́ mi ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí. Ó kọ́ mi láti da ohun tó dára sílẹ̀. Ohun tí kò dára, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n dà nù."

Mo ní kó tún jókòó. Mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Bí eré náà ṣe rí

Àwa tí a gbọ́ orin Kenny Rogers nígbà èwe wa á rántí èyí tó pè ní The Gambler, tó jáde ní 1978, nípa atatẹ́tẹ́ kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin lóru. À ń kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, a ò mọ̀ pé póókà ló ń sọ. Ẹ̀kọ́ tí ẹni yẹn ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin inú orin ni ọmọ Houston yìí wá là yé mi lórí tábìlì ọ́fíìsì mi.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni póókà ti gbilẹ̀, láàárín àwọn tó ń rin ìrìn àjò nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Káàdì 52 ni wọ́n fi ń ta á. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni wọ́n ń pè ní Texas Hold'em. Wọ́n á fún oníkálukú ní káàdì méjì, ìwọ nìkan lo mọ tìrẹ. Wọ́n á wá ṣí káàdì márùn-ún sáàárín tábìlì: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan sí i. Gbogbo èèyàn ló ni márùn-ún yìí. Nínú méje tí o wá ní, márùn-ún tó dára jù ni ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí wọn, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí wọn, wọ́n á máa fi owó lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ fi iye tí ẹnìkejì fi lélẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ á da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, á gbàgbé owó tó ti fi sáàárín tẹ́lẹ̀, á sì dákẹ́.

Ó jọ pé ó rọrùn, àbí? Bí káàdì ò bá dára, dà á nù. Bó bá dára, dúró. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń ná owó rẹ̀ tán. Ó ní káàdì méjì tó dára jù tí èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ ni éèsì méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni wọ́n sì máa ń bọ́ síni lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ àti ẹnì kan péré lẹ jọ dúró dópin, tí ẹni yẹn sì mú káàdì èyíkéyìí, éèsì méjì rẹ á borí ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́jọ bá bá ọ dúró dópin, éèsì méjì kan náà ò ní borí ju nǹkan bí ìgbà 35 nínú 100 lọ. Káàdì ọwọ́ rẹ kò yí padà. Ohun tó dojú kọ ọ́ ló yí padà.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn. Agbára ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò sí nínú ọwọ́ mi nìkan.

Ẹ̀kọ́ kejì ni iye tí wọ́n ń bi ọ́. Ó ní ká sọ pé 300 dọ́là ti wà láàárín. Ẹnìkejì fi 100 lé e, ó di 400. Ìwọ náà ní láti fi 100 sílẹ̀ kí o tó lè dúró. Ìyẹn ni pé 100 rẹ ń wá 400. Bí o bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà márùn-ún ni wàá borí, o kò jèrè, o kò pàdánù. Bó bá lé ní ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún, dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, dà á sílẹ̀, bí káàdì náà ti wù kó dùn-ún wò tó. Mo ní, "Àṣé ìṣirò ni." Ó ní, "Ìṣirò ni, sà, ṣùgbọ́n ọkàn kì í fẹ́ ṣe é."

Ó wá sọ ẹ̀kọ́ kẹta, èyí tó gún mi lọ́kàn. Ó ní, "Sà, owó tí ẹ ti fi sáàárín, kì í ṣe tiyín mọ́. Ti tábìlì ni. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dúró."

Ẹni tó dúró, àti ẹni tó dà á sílẹ̀

Ó sọ ìtàn méjì fún mi, méjèèjì sì ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní World Series of Poker, tó bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas ní 1970.

Ní 2008, ọmọ ilẹ̀ Japan kan tó ń jẹ́ Motoyuki Mabuchi ní éèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o! Ta ni éèsì mẹ́rin máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí á dà wọ́n nù? Ó dúró. Ẹnìkejì rẹ̀, Justin Phillips, ṣí tirẹ̀: ọwọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò lè borí nínú eré náà, tí wọ́n ń pè ní royal flush. Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tí káàdì márùn-ún lè gbà pé jọ, ó jẹ́ 2,598,960, mẹ́rin péré nínú wọn ni ọwọ́ yẹn. Mabuchi pàdánù. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ohun tó tọ́ ló ṣe, ó sì pàdánù.

Ti 2003 yàtọ̀. Èèyàn 839 ló wọ ìdíje náà, ó sì ku méjì: Sammy Farha, ọmọ Lẹ́bánónì tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, àti Chris Moneymaker, aṣírò owó kan láti Tennessee tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. Ní ìgbà kan, Farha ní káàdì 9 lọ́wọ́, 9 mìíràn sì wà lórí tábìlì, kò sí káàdì tó ga jù ú lọ níbẹ̀. Moneymaker ò ní nǹkan kan. Káàdì tó ń retí kò wá. Ó wá ti gbogbo owó tó ní sáàárín, ó gbójú kalẹ̀ bí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀. Farha ronú, ó tún un rò, ó da káàdì sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù. Àwọn kámẹ́rà kéékèèké fi káàdì àwọn méjèèjì han àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ayé rí i pé Farha ló ní in, àfi Farha fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Moneymaker borí ìdíje náà, ó sì gba mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là.

Mo ní, "Nígbà tó dà á sílẹ̀, ṣé wọn ò fi káàdì ẹnìkejì hàn án ni?" Ọmọ náà ní, "Rárá o, sà. Ẹni tó bá da káàdì sílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti rí ti ẹnìkejì. Ohun tó le jù nínú rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe owó. Ó jẹ́ pé ẹ ò ní mọ̀ láé bóyá ẹ̀yin lẹ ní in."

Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ ara mi ló sọ.

Ilẹ̀ Bàbá mi

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ohun tí ẹ ò mọ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ lábẹ́lẹ̀, ni ẹjọ́ tí mo ṣe nílé fún ọdún mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Bàbá mi ra ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì méjì. Èmi ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jos níbí. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọ́n ṣe ìwé pé èmi ni mo ni í, wọ́n tẹ̀ka sí i, ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, mo délé lọ́jọ́ kan, mo bá ìpìlẹ̀ ilé lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ ọ. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ìwé wo? Ìwọ tó o wà l'Ókè Ọya, ta ló gbé Bàbá lọ ọsibítù? Ta ló ń bá wọn wẹ̀?" Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mi ò gbọ́ òótọ́ kankan. Mo ní ìwé. Mo ní ẹlẹ́rìí. Mo gba kóòtù lọ.

Ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá jókòó, lọ́yà ẹ̀gbọ́n mi ò ní wá. Lọ́jọ́ tí lọ́yà bá wá, adájọ́ ò ní jókòó. Wọ́n á sún un síwájú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi á wọ mọ́tò láti Jos, odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí láyé òde òní, ìyàwó mi ò ní sùn títí màá fi pè é pé mo ti débẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Bàbá Tolú, èló ni ilẹ̀ yìí?" Mo sọ iye rẹ̀. "Èló lẹ ti ná?" Mo dákẹ́, nítorí ohun tí mo ti ná ti ju iye ilẹ̀ lọ. Nígbà tí mo máa lanu, ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé kí gbogbo owó tí mo ti ná wá ṣòfò ni?" Ẹ ò rí i bí? Owó tábìlì ni mò ń pè ní owó mi.

Màmá wa ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá lọ fún ẹjọ́, òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń sùn sí, ní ìlú tí wọ́n bí mi sí. Màmá á gun ọ̀kadà wá bá mi níbẹ̀, wọ́n á gbé ọbẹ̀ wá nínú fúláásì. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún kẹrin wọ́n jókòó sórí ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní, "Èmi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti darúgbó jù láti máa gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ mi ní òtẹ́ẹ̀lì."

Mo padà sí Jos, mo gbàdúrà, mo pe lọ́yà mi pé kó fà á sẹ́yìn. Inú bí i. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹjọ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìwé yín ò ní àbùkù kankan." Mo ní mo mọ̀. Mo pe àwọn àgbà ilé, mo sọ níwájú wọn pé mo jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n dì mọ́ mi, tí a jọ sunkún? Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó padà wá sí etígbọ̀ọ́ mi ni pé ẹ̀gbọ́n mi ń sọ láàárín ìlú pé, "Ó mọ̀ pé ìwé ayédèrú ni, òun ló jẹ́ kó sá." Ìwé ayédèrú! Èmi tí mò ń dúró lórí pẹpẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀! Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo gbé fóònù láti pe lọ́yà kó tún ẹjọ́ náà ṣí. Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún un gbé. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ ni mo ń bá jà láti ọdún mẹ́rin wá. Mo ti lè gbàgbé ilẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni kí adájọ́ kan dìde níwájú gbogbo èèyàn, kó ní, "Pásítọ̀ ló jàre."

Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní. Adájọ́ kankan ò kà á. Kò sì sẹ́ni tó máa kà á mọ́.

Obìnrin tó ni ọmọ

Ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì wa sí Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí kẹta. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà: obìnrin méjì, ọmọ kan, idà ọba Sólómọ́nì. A máa ń yára dé ibi tí ọba ti dájọ́, tí gbogbo Ísírẹ́lì sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ ṣáájú ibẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ta ni ọwọ́ rẹ̀ dára jù? Ìyá ọmọ ni. Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló da káàdì sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún ẹnìkejì.

Nígbà tó la ẹnu yẹn, kò mọ̀ pé ọba ń dán wọn wò. Ohun tó mọ̀ ni pé òun máa rìn lọ sílé láìsí ọmọ, tí gbogbo ìlú á sì máa nawọ́ sí òun pé òpùrọ́ tó fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbà kí wọ́n pè é ní òpùrọ́ kí ọmọ lè yè. Obìnrin kejì, ohun tó fẹ́ ni kí ó ṣáà má jẹ̀bi, bí ọmọ bá tiẹ̀ kú. Mo bi ara mi pé, nínú ọdún mẹ́rin yẹn, èwo ni mo jọ nínú àwọn méjèèjì? Ìyá mi ni wọ́n fẹ́ fi idà là sí méjì, èmi sì ń sọ pé ìwé mi ò ní àbùkù.

Ísáákì náà ṣe irú rẹ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 26. Ó gbẹ́ kànga, wọ́n jà á gbà, ó fi í sílẹ̀. Ó gbẹ́ òmíràn, wọ́n tún jà sí i, ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọn ò bá a jà mọ́, ó sì sọ ibẹ̀ ní Réhóbótì. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó lè gbẹ́ kànga mìíràn ni Ísáákì. Olúwa wa pàápàá, nínú Lúùkù orí 14, sọ̀rọ̀ ọba tó jókòó ṣírò bóyá ẹgbàárùn-ún ọmọ ogun òun á lè pàdé ẹgbàawàá, tí ó bá sì rí i pé kò ṣeé ṣe, á ránṣẹ́ àlàáfíà nígbà tí ọ̀tá ṣì wà lọ́nà jíjìn. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ.

Ìgbà tí mo gbani nímọ̀ràn tí kò dára

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ òmíràn. Lẹ́yìn tí mo ti jọ̀wọ́ ilẹ̀ mi tán, mo sọ ọ́ di òfin fún gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìjà, ohun tí mò ń sọ ni, "Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Opó kan wá. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ ní kó kó jáde nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Mo sọ ìtàn ilẹ̀ mi fún un. Mo ní, "Màmá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún wọn."

Ó wò mí. Ó ní, "Pásítọ̀, ilẹ̀ tiyín, ẹ̀yin nìkan lẹ ni í. Ẹ ní ibi tẹ́ ẹ̀ ń sùn sí nígbà tẹ́ ẹ dà á sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ń sùn nínú ilé tèmi. Ṣé kí n bá wọn da tiwọn náà sílẹ̀ ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ wá agbẹjọ́rò, ó sì dúró. Ó ṣì wà nínú ilé náà lónìí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màmá, mo ṣì í sọ." Bí mo bá ti rántí Nábótì, tó kọ̀ láti fi ogún àwọn baba rẹ̀ fún ọba Áhábù, mi ò bá má sọ bẹ́ẹ̀. Nábótì ò da tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pa á, Ọlọ́run ò sì bá a wí. Áhábù ni Ọlọ́run bá wí. Ẹ̀yin alàgbà àti àwa pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ó rọrùn púpọ̀ láti máa wàásù ìjọ̀wọ́ fún ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá lágbára ni ká kọ́kọ́ wàásù rẹ̀ fún.

Kí la wá lè fi mọ̀ ọ́n?

Mi ò ní òfin tí mo lè fún yín. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní, tí mò ń bi ara mi báyìí.

Èkíní: láti òní lọ, èló ló máa ná mi, kí ló sì kù tí mo lè jẹ? Kì í ṣe láti àná. Ọdún mẹ́wàá tó o ti lò nínú òwò tí kò lọ síwájú, àná ni. Owó lọ́yà, àná ni. Ẹ̀gàn tó o ti jẹ, àná ni. Gbogbo rẹ̀ wà láàárín tábìlì. Bó o bá dúró, kó jẹ́ nítorí ọ̀la.

Èkejì: ta ló ni ín? Bó bá jẹ́ tèmi nìkan, mo lè yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọmọ, ti ọmọ òrukàn, ti ìjọ, ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àánú kọ́ ni kí n máa fi nǹkan ẹlòmíràn ṣe ọ̀làwọ́.

Ẹ̀kẹta: kí ni mò ń gbé lọ bí mo bá dà á sílẹ̀? Bí a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbẹ̀rù àti ọgbọ́n nìyí. Ìbẹ̀rù mọ ohun tó ń sá fún, ọgbọ́n mọ ohun tó ń gbé lọ. Obìnrin iwájú Sólómọ́nì mọ̀: ẹ̀mí ọmọ. Èmi náà mọ̀ nígbà tó yá: ìyá mi. Bó ò bá lè dárúkọ ohun tó ò ń gbé lọ, má tíì dà á sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ló kàn gbójú mọ́ ọ.

Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè, a lè ṣì í. Mabuchi dúró bó ṣe tọ́, ó pàdánù. Farha dà á sílẹ̀, òun ló ní in. Mi ò mọ̀ bóyá adájọ́ ì bá dá mi láre. Ìgbà mìíràn, lóru, mo ṣì máa ń ṣe ẹjọ́ náà tán lọ́kàn mi, mo sì máa ń jàre. Ara ohun tí mo dà sílẹ̀ nìyẹn, kí n má mọ̀. Mo ti wá gbà pé ẹni tó bá fẹ́ jọ̀wọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ méjì: nǹkan náà, àti ẹ̀rí pé tirẹ̀ ni. Èkejì ló wúwo. Olúwa wa ní líjíónì áńgẹ́lì méjìlá tó lè pè, bí Mátíù orí 26 ti sọ, kò pe ọ̀kan. Àwọn tó ń kọjá lábẹ́ àgbélébùú sì rò pé kò ní ọ̀kan ni.

Kérésìmesì tó kọjá, èmi àti ìdílé mi sùn sílé Màmá, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kí ara wa. Ọ̀rọ̀ ò tíì pọ̀ láàárín wa. Ilé wọn ti dé orí òrùlé lórí ilẹ̀ náà. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti gba nọ́ńbà ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Màmá sì gbé ọbẹ̀ ka iná fún gbogbo wa nínú ìkòkò kan. Wọn ò lo fúláásì.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ìgbà tó yẹ ká dúró àti ìgbà tó yẹ ká jọ̀wọ́, kí ó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí wa níbi tí ẹlẹ́rìí mìíràn ò sí. Àmín.